Ìlọ́ Ni, Kì í Ṣe Ààjà: Èrò Kan Lórí Sísọ Ìyípo Iná Inú Oríkèé Josephson Lórúkọ

1. Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí òwe yìí ti rí fún ọmọ tuntun náà ni ó rí fún ọ̀rọ̀ tuntun tí àwa onímọ̀ èdè ń ṣẹ̀dá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń ṣe yàtọ̀ sí èyí. Dípò kí a wo ilé, èyí ni pé dípò kí a wo ohun náà fúnra rẹ̀ àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ni a máa ń wò. A ó tú orúkọ náà sí wẹ́wẹ́, a ó wá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó sún mọ́ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó so wọ́n pọ̀, a ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé irú ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, àti pé èdè Yorùbá ní ohun tí ó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ láti fún wa, bí a bá fi sùúrù wá a.

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èmi náà jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ń to àkójọ ọ̀rọ̀ físíìsì kan pọ̀, a kan ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá láti inú èdè Látìn, tí wọ́n fi ń pe ohunkóhun tí ó bá ń yí po bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ti í yí po. Àwọn onímọ̀ físíìsì ti wá mú ọ̀rọ̀ náà lò fún irú ìyípo kan tí iná mànàmáná máa ń ṣe nínú àwọn ohun tí wọ́n mú tutù gidigidi. Lójú ẹsẹ̀ ni mo dábàá "ààjà iná". Inú mi dùn sí i; ó kúrú, ó dùn-ún gbọ́, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ààjà. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì kan tí ó ń bá wa ka àkójọ náà ni ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, ṣé ààjà lè rọlẹ̀ ní àárín pápá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ṣé ààjà kan lè lágbára ju èkejì lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Bí méjì nínú wọn bá pàdé ńkọ́, sà?" Mo ní ó ṣe é ṣe kí ńlá gbé kékeré mì. Ó wá fi ọ̀wọ̀ dá mi lóhùn pé, "Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, sà, ohun tí à ń sọ yìí kì í ṣe ààjà." Mo ká àkójọ náà padà sílé. Ohun tí mo rí nígbà tí mo wọ inú ilé ọmọ tí mo ti sọ lórúkọ láìwo ilé ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín.

2. Ẹ jẹ́ kí a wo ilé

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé nígbà tí iná mànàmáná bá ń gba inú wáyà kọjá, wáyà náà máa ń gbóná. Ìgbóná yìí jẹ́ àmì pé nǹkan kan ń dènà iná náà lójú ọ̀nà. Ní ọdún 1911, ní ìlú Leiden ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì, Heike Kamerlingh Onnes àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ rí i pé bí a bá mú mẹ́kúrì tutù dé nǹkan bí 4.2 lórí òṣùwọ̀n Kelvin, èyí tí ó fi nǹkan bí 269 dígírì Sẹ́síọ́ọ̀sì wà nísàlẹ̀ òdo, ìdènà náà kò sí mọ́. Kì í ṣe pé ó dínkù o. Ó pòórá ni. Ní ọdún 1933, Walther Meissner àti Robert Ochsenfeld fi hàn ní Jámánì pé ohun tí ó bá wà ní ipò yìí a tún máa lé agbára òòfà jáde kúrò nínú ara rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ kò yé ènìyàn dáadáa títí di ọdún 1957, nígbà tí John Bardeen, Leon Cooper àti Robert Schrieffer ṣàlàyé ní Amẹ́ríkà pé àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì, àti pé gbogbo àwọn méjì-méjì náà a máa rìn pọ̀ bí ìgbì kan ṣoṣo. Ní ọdún 1962, Brian Josephson, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22 ní Yunifásítì Cambridge, fi ìṣirò fi hàn pé bí a bá fi ohun tín-ín-rín kan tí kì í gbé iná kọjá ya irú nǹkan méjì bẹ́ẹ̀ nípa, àwọn méjì-méjì wọ̀nyí yóò ṣì máa la inú rẹ̀ kọjá, láìjẹ́ pé agbára kan ń tì wọ́n láti ẹ̀yìn. Ohun tín-ín-rín náà kò sábà nípọn ju náńómítà kan tàbí méjì lọ. Ní ọdún 1963, Philip Anderson àti John Rowell fi àyẹ̀wò fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ní ọdún 1973, Josephson wà lára àwọn mẹ́ta tí wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún físíìsì.

Nínú irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ó bá gùn tó, tí a sì fi òòfà kàn án lára díẹ̀, agbára òòfà máa ń wọ inú rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìṣàn iná a sì máa yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan po. Ohun tí a fẹ́ sọ lórúkọ nìyí. Ó ní ìwà mẹ́rin tí kò yẹ kí orúkọ rẹ̀ tako. Èkíní, ìwọ̀n òòfà tí ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ti èkejì: 2.07 × 10⁻¹⁵ wébà ni, kò lé, kò dín, ohun yòówù kí a fi ṣe ìsopọ̀ náà. Èkejì, kò lè kú sí àárín ọ̀nà. Etí ìsopọ̀ náà ni ó lè gbà wọlé, ibẹ̀ náà ni ó sì lè gbà jáde. Ẹ̀kẹta, ó ní ẹnìkejì tí ó yí sí apá òdì. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n lè pa ara wọn rẹ́ pátápátá. Ẹ̀kẹrin, a lè fi iná tì í láti ibì kan dé ibòmíràn, bí ẹni ti ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn. Ní ọdún 1973, T. A. Fulton àti R. C. Dynes kọ ìwé lórí bí ẹyọ kan ṣoṣo ṣe ń rìn báyìí.

Kí òye lè yé wa bí ìwọ̀n yìí ti kéré tó, ẹ jẹ́ kí a mú agbára òòfà ilẹ̀ ayé wá sí ìrántí. Ní agbègbè tiwa níhìn-ín, ó jẹ́ nǹkan bí 33 máíkírótẹ́sílà. Ìwọ̀n òòfà tí ó wà nínú ẹyọ kan kò ju èyí tí ó ń gba inú fèrèsé kan kọjá, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí máíkírómítà 8. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan inú ẹ̀jẹ̀ wa ni ó fẹ̀ tó fèrèsé náà.

3. Àwọn onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri

Ìbéèrè tí ó kàn ni pé, kí ló dé tí ó fi ń hu àwọn ìwà wọ̀nyí? Ibi tí onímọ̀ èdè gbọ́dọ̀ tẹ́tí sí nìyí, nítorí pé orúkọ rere wà nínú ìdáhùn náà.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ògiri gígùn kan. Ní ọ̀tún rẹ̀, ọ̀wọ́ àwọn onílù kan tò láti ìbẹ̀rẹ̀ ògiri dé òpin rẹ̀. Ní òsì, ọ̀wọ́ kejì tò bákan náà. Ìlù kan náà ni gbogbo wọ́n ń lù. Onílù kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ti ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ yà jìnnà sí ti ẹni náà. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan dà bí irin tútù kan, tí ìgbì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀. Ògiri náà ni ohun tín-ín-rín tí ó wà láàárín wọn. Ibi tí onílù kan dé nínú ẹsẹ̀ ìlù rẹ̀ ni mo dábàá pé kí a máa pè ní "ipò-ìgbì" bí a bá padà sínú físíìsì.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a máa rìn lórí ògiri náà, kí etí wa wà ní apá méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìlù ọ̀tún àti ìlù òsì ń dún pọ̀. Bí a ti ń lọ, ti ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣíwájú díẹ̀díẹ̀. Ó fi ìdámẹ́rin ẹsẹ̀ ìlù ṣíwájú; ó fi ìdajì ṣíwájú; ó fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ṣíwájú; níkẹyìn, ó fi odidi ẹsẹ̀ ìlù kan ṣíwájú. Nígbà tí ó bá di odidi, etí yóò tún gbọ́ pé ìlù méjèèjì ń dún pọ̀ bíi ti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń kà á yóò mọ̀ pé odidi kan ti wọ àárín wọn. Kò sì sí onílù kan tí ó lè dá mú odidi náà kúrò láìba ìlù jẹ́ mọ́ àwọn tí ó yí i ká lọ́wọ́. Ohun tí a lè ṣe ni kí a máa tì í lọ díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi bọ́ sílẹ̀ ní òpin ògiri.

Èwo ni ti ìyípo iná nínú èyí? Ohun tí Josephson fi hàn ni pé bí iná ti ń la ògiri kọjá tó dúró lórí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ipò-ìgbì méjèèjì. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, iná kò kọjá. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ ìdámẹ́rin, iná a kọjá púpọ̀ jùlọ sí apá kan. Bí ó bá di ìdajì, iná a tún dáwọ́ dúró. Bí ó bá di ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, iná a kọjá sí apá òdì. Nítorí náà, ní ìlàjì àkọ́kọ́ ìrìn wa, iná ń la ògiri láti apá kan sí èkejì. Ní ìlàjì kejì, ó ń padà. Iná tí ó lọ níhìn-ín tí ó sì bọ̀ lọ́hùn-ún kò ní ọ̀nà mìíràn ju pé kí ó yí po. Ìyípo tí ojú àwọn Gẹ̀ẹ́sì rí, tí wọ́n sì fi sọ ọmọ náà lórúkọ, nìyẹn.

A ó rí i báyìí pé ìyípo iná kì í ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọmọ ni. Ìyá rẹ̀ ni odidi tí ó wọ àárín ìlù méjèèjì. Bí a bá sì wá orúkọ ìyá yìí nínú èdè wa, a kò ní rìn jìnnà.

4. Ìlọ́

Kí a mú ọ̀já tí ìyá fi ń pọn ọmọ, kí ẹnìkan di orí rẹ̀ kan mú, kí ẹnìkejì di orí kejì mú. Bí odidi ìlọ́ kan bá wà ní àárín ọ̀já náà, a lè fi ọwọ́ tì í síwá sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì kò bá tú ọwọ́, kò sí bí a ti lè mú un kúrò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá tú orí ọ̀já sílẹ̀, ìlọ́ náà yóò bá ibẹ̀ jáde. Bí ìlọ́ méjì bá wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kan yí sí ọ̀tún tí èkejì sì yí sí òsì, tí a bá tì wọ́n pàdé, ọ̀já yóò tẹ́jú bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣe é rí. Kò sí ìlọ́ tí ó tóbi ju ìlọ́ lọ: ìlọ́ kan jẹ́ ìlọ́ kan, yálà a fún un pọ̀ ni tàbí a jẹ́ kí ó gbòòrò.

Ìwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí a kà sílẹ̀ ní òkè ni ọ̀já wa ti hù yìí. Kì í ṣe àfiwé lásán. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ìsopọ̀ Josephson gan-an ni pé ìyàtọ̀ ipò-ìgbì lọ́ ní odidi ẹ̀ẹ̀kan, èyí tí í ṣe 360 dígírì. Nítorí náà, mo dábàá pé kí a máa pe ohun náà ní "ìlọ́ Josephson". Kí a pe èyí tí ó yí sí apá kan ní "ìlọ́-ọ̀tún", kí a sì pe èyí tí ó yí sí apá òdì ní "ìlọ́-òsì". Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìṣáájú-ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "ọ̀tá" tàbí "alátakò" kún orúkọ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Àwa kò nílò rẹ̀. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Ọ̀tún àti òsì ni.

Ìdí mìíràn tún wà tí ọ̀rọ̀ yìí fi wù mí. A ti ń lo "lọ́" nínú ìmọ̀ ìṣirò tipẹ́. Nígbà tí a bá sọ pé nǹkan kan jẹ́ "ìlọ́po méjì" tàbí "ìlọ́po mẹ́ta" òmíràn, ohun tí mo gbà pé ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni iṣẹ́ ẹni tí ń lọ́ okùn pọ̀, tí okùn kan di méjì, tí méjì di mẹ́ta. Ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ nínú físíìsì yìí. Ní ọdún 1961, Bascom Deaver àti William Fairbank ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú Robert Doll àti Martin Näbauer ní Jámánì, fi àyẹ̀wò hàn pé ìṣàn òòfà tí a bá sé mọ́ inú òrùka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ ìlọ́po òǹkà kan ṣoṣo. Òǹkà náà jẹ́ ìdajì ohun tí Fritz London ti sọ tẹ́lẹ̀ ṣáájú àkókò náà, nítorí pé méjì-méjì ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti mọ "ìlọ́po" láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, "ìlọ́" kò ní ṣàjèjì sí i: iye ìlọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni ìlọ́po òòfà tí yóò kà.

Ọ̀rọ̀ méjì mìíràn bá a rìn. Ìsopọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni àwọn kan ti dábàá láti pè ní "oríta", nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi pè é ni wọ́n tún fi ń pe oríta ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní oríta, ọ̀nà kan wọ inú èkejì. Níhìn-ín, ohun méjèèjì kò fi ara kan ara wọn, síbẹ̀ wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. "Oríkèé" ni ó yẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí oríkèé ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀, níbi tí egungun méjì ti pàdé tí ohun mìíràn sì wà láàárín wọn. Bákan náà, ohun tí a mú tutù tí ìdènà fi kúrò nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ "agbéná-jùlọ", bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń sọ nìyẹn. Kì í ṣe pé ó gbé iná ju àwọn yòókù lọ. Ipò mìíràn ni ó wà. Òjé, tí kì í ṣe agbéná rere bíi bàbà bí ara wọn bá wà láìtutù, a máa dé ipò yìí. Bàbà fúnra rẹ̀ ni a kò tíì rí kí ó dé ibẹ̀. "Agbéná-láìdènà" ni mo fara mọ́.

5. Àwọn àtakò

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí, ó sì yẹ kí n dá wọn lóhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé ìró "ìlọ́" lè dàrú mọ́ ìró "ìlọ" tí ó jẹ mọ́ ìrìn, àti "ìlọ̀" tí ó jẹ mọ́ ata. Òótọ́ ni, bí a kò bá fi àmì ohùn sí i. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti fẹnu kò lórí àkọtọ́ ní ọdún 1974, ojúṣe wa ni láti fi àmì ohùn sí ohun tí a bá kọ. Ìwé sáyẹ́ǹsì tí kò bá lámì ohùn dà bí òṣùwọ̀n tí a pa òǹkà ara rẹ̀ rẹ́. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ọ̀rọ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, kí a kọ ọ́ lọ́nà tí ẹnu Yorùbá fi lè pè é. Èmi kò kórìíra ọ̀rọ̀ àyálò. Mo ti lo wébà, náńómítà àti ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú àpilẹ̀kọ yìí, n kò sì tọrọ gáfárà. Ṣùgbọ́n orúkọ òṣùwọ̀n yàtọ̀ sí orúkọ ohun tí a fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi òye mọ ìṣe rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àyálò kò ní ṣì í lọ́nà, ṣùgbọ́n kò ní tọ́ ọ sọ́nà pẹ̀lú. Bí èdè wa bá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣàlàyé ìwà mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí ni a fẹ́ fi èyí tí kò ṣàlàyé ọ̀kan ṣe?

Àtakò kẹta ni ó lágbára jùlọ. Ẹnìkan lè sọ pé ìyípo náà wà lóòótọ́, pé iná ń yí po, àti pé ààrin ìyípo náà ni àwọn onímọ̀ máa ń wá. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ààrin náà. Nínú ìwé tí Alexei Abrikosov tẹ̀ jáde ní ọdún 1957, èyí tí ó mú un wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2003, ó ṣàlàyé irú ìyípo kan tí ó máa ń wà nínú ara agbéná-láìdènà fúnra rẹ̀. Ní ààrin tirẹ̀, ipò àìdènà náà máa ń kú. Èyí tí ó wà nínú oríkèé tí ògiri rẹ̀ kì í gbé iná kò ní irú òkú ààrin bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì fi èyí ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Nígbà tí ó di ọdún 2015, Dimitri Roditchev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé jáde, wọ́n sì fi hàn pé nínú oríkèé tí irin gidi wà láàárín rẹ̀ dípò ohun tí kì í gbé iná, ìyípo Josephson náà máa ń ní ààrin tí a lè fi ẹ̀rọ rí. Bí a bá ti kọ́ orúkọ wa lé ìrísí ààrin náà lórí, à bá ti máa tún un kọ́. Ohun tí kò yí padà nínú gbogbo rẹ̀ ni odidi ìlọ́ ipò-ìgbì. Ó wà nínú ti Abrikosov, ó wà nínú ti Josephson, yálà ààrin wà tàbí kò sí. Nítorí náà ni a fi lè sọ pé "ìlọ́ Abrikosov" àti "ìlọ́ Josephson", kí ẹbí wọn sì hàn. Ààjà wà fún afẹ́fẹ́. Kí a fi í sílẹ̀ fún un.

Ẹni tí ó bá mọ̀ jinlẹ̀ lè tún bi mí pé, bí ìlọ́ bá jẹ́ odidi nígbà gbogbo, báwo ni a ó ti ṣe ti ọdún 1994, nígbà tí C. C. Tsuei, John Kirtley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí ìdajì òǹkà òòfà yìí nínú òrùka tí wọ́n dọ́gbọ́n ṣe lára agbéná-láìdènà tí ó ní bàbà àti ọ́síjìn nínú? Ìbéèrè yìí ni ó tilẹ̀ jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ jùlọ. Bí a bá rán orí ọ̀já méjèèjì pọ̀ di òrùka, ṣùgbọ́n tí a yí orí kan dà kí a tó rán an, ààbọ̀ ìlọ́ yóò wà nínú rẹ̀ láéláé. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú òrùka wọn jọ èyí, nítorí pé bí wọ́n ti to irin náà ti yí ipò-ìgbì dà ní ìdajì. "Ààbọ̀ ìlọ́" yé ẹnikẹ́ni tí ó ti rán aṣọ rí. Ta ni ó lè sọ ohun tí "ààbọ̀ ààjà" jẹ́?

6. Ta ni yóò lò ó?

Ó ku àtakò kan, òun ni a sì máa ń gbọ́ jùlọ, kódà lẹ́nu àwọn tí wọ́n fẹ́ràn èdè Yorùbá: ta ni yóò fi Yorùbá kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí? Ṣé kò ṣe pé a ń ran agbádá fún ọmọ tí a kò tíì bí?

Nígbà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ọdún 1970, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, irú ìbéèrè yìí wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ náà ni ó dáhùn rẹ̀, nítorí wọn kò rẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ní ti ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀, a ti ní ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984, àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì tẹ̀lé e ní ọdún 1990. Físíìsì kò tíì ní ìpín tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun tí mo ń sọ yìí kò sì jìnnà sí wa. Irú agbéná-láìdènà yìí ni ó wà nínú òòfà ńlá tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ayé fi ń ya àwòrán inú ara. Bí a kò bá so àwọn ìlọ́ Abrikosov inú wáyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa rìn, òòfà náà kò ní lè ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1985 tí Konstantin Likharev àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé ìlànà kan jáde ní Mọ́sìkò, àwọn onímọ̀ ti ń ṣe irú àyíká kọ̀ǹpútà kan tí ó jẹ́ pé bí odidi òǹkà òòfà kan bá kọjá, òǹkà 1 ni. Bí kò bá kọjá, òdo ni. Ìlọ́ wà, tàbí ìlọ́ kò sí: gbogbo ìṣirò rẹ̀ kò ju èyí lọ. Ọmọ tí ó bá gbọ́ èyí ní èdè ìyá rẹ̀ kò nílò kí ẹnìkan tún un túmọ̀ fún un.

7. Ìkádìí

Kì í ṣe nítorí pé mo fẹ́ kí gbogbo ènìyàn máa pe "ìlọ́ Josephson" láti ọ̀la ni mo fi kọ èyí. Bí onímọ̀ físíìsì kan bá ní ọ̀rọ̀ tí ó sàn jù ú lọ, kí ó mú un wá. N óò gbà á tayọ̀tayọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ti gba ìbéèrè mẹ́ta akẹ́kọ̀ọ́ yẹn. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ìgbìmọ̀ tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ má ṣe jẹ́ ti àwa onímọ̀ èdè nìkan mọ́. Kí ẹni tí ó mọ ohun náà jókòó ti ẹni tí ó mọ èdè, kí ó ṣàlàyé ìṣe rẹ̀ ní Yorùbá ṣáájú kí a tó dárúkọ rẹ̀ rárá, kí ẹni tí ó mọ èdè sì máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá sábà máa ń wà nínú àlàyé náà. Ó wà nínú ọ̀já, ó wà nínú okùn, ó wà nínú òǹkà tí a ti ń kà kí ẹnikẹ́ni tó mú mẹ́kúrì tutù ní Leiden. Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a tún fi ìjánu ẹlòmíràn sí ọmọ wa lẹ́nu.